Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Pọ́n

Ajé, 12 Èbìbí 2025

Òjò kò dá láti ìdájí. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà gba bàtà mi kan, mo fi ẹsẹ̀ kan lásán wọ kíláàsì. Ọ̀gá àgbà ní kí àwọn ọmọ mi ṣe eré fún Ọjọ́ Sáyẹ́ǹsì ní ìparí sáà yìí. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti mọ èyí tí wọ́n fẹ́: àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn balẹ̀ sórí àpáta lẹ́yìn Lánlátẹ̀ níbí, àgbẹ̀ kan rí wọn, ẹ̀rù bà á, ó yìnbọn lu ọ̀kan.

Japheth ni wọ́n yàn pé kí ìbọn bà. Ó dìde, ó ní, "Mà, àwọ̀ wo ni ẹ̀jẹ̀ mi máa jẹ́?"

Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo àwọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Màámi ti gbé ìkòkò omi ọmọ jáde, wọ́n ń fi yanrìn fọ̀ ọ́. Àìná, ìyàwó Tàófíìk àbúrò mi, kò ní pẹ́ bímọ. Mi ò tíì rí ìkòkò yẹn lóde láti ìgbà tí Abíọ́dún, àkọ́bí Tàófíìk, ti kú. Mo kí wọn, mo wọlé, mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbí

Mo ra ìgbín lọ́jà. Owó ìgbín ti kúrò ní kékeré. Mo fọ́ ìdí rẹ̀ níwájú kíláàsì, mo ro omi rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo funfun, mo ní kí wọ́n máa wò ó. Díẹ̀díẹ̀, bí atẹ́gùn ṣe ń kan án, ó ń di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aláró. Wọ́n sún mọ́ ọn. Láti kékeré ni gbogbo wọn ti ń jẹ ìgbín, kò sẹ́ni tó wo omi rẹ̀ dáadáa rí.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa. Irin yẹn ló ń di ọ́síjìn mú nínú ẹ̀dọ̀fóró tó sì ń gbé e kiri ara, òun náà ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ìgbín kì í lo irin, bàbà ló ń lò, bàbà tó bá sì ti gba ọ́síjìn á di búlúù. Bẹ́ẹ̀ náà ni alákàn. Aràn kan wà nínú òkun tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dà bí ewé tútù, òmíràn wà tí tirẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Nítorí náà, ẹ̀dá tó bá ti ayé mìíràn wá, ká kọ́kọ́ bi í léèrè irú ilẹ̀ àti irú atẹ́gùn tó wà lọ́dọ̀ wọn, kó tó di pé à ń kùn ún ní àwọ̀.

Ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Ṣùgbọ́n Mà, iṣan ọwọ́ yín rí búlúù."

Mo ní awọ ara àti ìmọ́lẹ̀ ló ń tan ojú wa jẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, pupa ló máa jáde, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó. Mo ní, "Kò sí ọmọ ènìyàn kan tí..."

Mi ò parí rẹ̀. Ètè Abíọ́dún ni mo rí. Ètè rẹ̀, èékánná rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rì bọ inú aró. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn kí wọ́n ya ìgbín.

Àìkú, 25 Èbìbí

Àìná bí obìnrin, ní Èrúwà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ìyá àti ọmọ wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ètè ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀.

Àìkú, 1 Òkúdù

Àmírà ni wọ́n sọ ọ́. Ojú iṣẹ́ abẹ Àìná ti gbọyún, ibà ń gbé e, ọmú rẹ̀ kò sì sun. Mílíìkì agolo ni ọmọ ń mu. Owó agolo kan ṣoṣo, èèyàn á fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan.

Màámi kò jẹ́ kí ẹlòmíràn po mílíìkì náà. Àwọn fúnra wọn ló ń fa omi nínú kànga, àwọn ló ń sè é. Wọ́n á jẹ́ kó hó, kó tún hó, títí yóò fi lọ sílẹ̀ gan-an nínú ìkòkò. "Kòkòrò wo ló máa yè nínú èyí?" Bí wọ́n ṣe ń sọ nìyẹn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Bí a ti ń jẹun ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́, obìnrin àdúgbò kan ṣèèṣì pe Àìná ní Ifáfúnkẹ́. Tàófíìk dìde, ó jáde sínú òjò.

Ifáfúnkẹ́ ni ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, ìyá Abíọ́dún. Ọmọ ọdẹ ni, ará Ayété. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣú tó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ará ilé wa ní nǹkan ilé baba rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Tàófíìk di ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó gbé e padà sílé baba rẹ̀, ojú ọjà ló gbà kọjá.

Ẹtì, 6 Òkúdù

Iléyá lónìí. Irú ọjọ́ yìí ni wọ́n bí Abíọ́dún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọkọ̀ tó kó ajílẹ̀ tí Tàófíìk ń tà dé bá a lójú ọdún. Àwọn àgbẹ̀ ti ń dúró dè é torí pé òjò ti múlẹ̀. Ó to àwọn àpò náà kún ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn kànga títí dé òrùlé. Páànù ibẹ̀ ṣì ń jò bó ṣe ń jò láti bí ọdún mẹ́ta. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ti yọ́, omi wọn ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ní òun máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún.

Màámi ní bí àwọn ṣe ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá kànga, àwọn gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́. Mo ní Àmírà ni.

Wọ́n ní, "Àmírà wà lẹ́yìn mi. Ó ń sùn."

Ajé, 16 Òkúdù

A ti fẹnu kò: búlúù ni. Ayé tí àwọn ẹ̀dá wa ti wá tutù, ọ́síjìn ibẹ̀ kò pọ̀, bàbà sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Bàbà á ṣiṣẹ́ fún wọn níbẹ̀ ju irin lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àlàyé yìí ju bí mo ṣe rò lọ.

Japheth ní, "Tí àgbẹ̀ yẹn bá wá rí ẹ̀jẹ̀ mi, kí ló máa sọ?"

Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, "Á ní èṣù ni ẹ́! Á pa ẹ́ kú pátápátá!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú eré náà nìyẹn: bí ará ìlú bá ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pupa, wọ́n á lù ú pa. Mi ò yọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wá bí mo ṣe ń gba ọ̀nà ilé lọ. Òòrùn ràn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù

Ètè Àmírà. Mo rò pé òjìji ni. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Kì í ṣe òjìji.

Ẹtì, 27 Òkúdù

Màámi ní òtútù ni, wọ́n fi aṣọ òtútù méjì wé e. Títí di ọ̀sán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti di àwọ̀ eérú. Kò sunkún, kò fẹ́ mu nǹkan, ó kàn ń mí gúlegúle. Àìná jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó ń sọ pé, "Kí ni mo ṣe fún Ifáfúnkẹ́? Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kí ni mo ṣe fún un?"

Màámi ní, "Obìnrin yẹn kò tíì fi wá sílẹ̀."

Ni Tàófíìk bá mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Ó ní Ayété ni òun ń lọ, kí Ifáfúnkẹ́ wá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọmọ òun, àbí kí ó pa òun náà mọ́ ọn. Mi ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró síwájú ọ̀kadà náà.

Mo ní, "Tí o bá fẹ́ gùn ún, tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò lọ́nà."

"Èrúwà lo máa gbé wa lọ. Tó o bá fẹ́, kí o lọ sí Ayété láti ibẹ̀."

Àìná ti gbé ọmọ jáde. Òun ló kọ́kọ́ gun ọ̀kadà, tòun ti egbò ikùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí, lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi dé láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ.

Láti àná ni wọ́n ti ki ọ̀pá ọ́síjìn bọ Àmírà nímú. Kò yí padà. Dókítà Bámiṣẹ́, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó mi, ní ohun tó ń já òun láyà nìyẹn: ọ̀nà ọ̀fun ọmọ mọ́, ọkàn rẹ̀ ń lù geere, ọ́síjìn ń wọlé, síbẹ̀ ara kò rí i lò. Ó ní òun máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ ọmọ mú.

Láti bí ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀jẹ̀. Mi ò rí irú èyí rí. Àwọ̀ kòkó tí a fi omi gbígbóná pò ló wọ inú abẹ́rẹ́ yẹn.

Dókítà kan ẹ̀jẹ̀ náà sórí bébà funfun. Ó gún ìka èmi náà, ó kan tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìwé fẹ́ atẹ́gùn sí méjèèjì. Tèmi pọ́n fòò. Ti Àmírà kò yí padà. Ó wà níbẹ̀ bí ẹrẹ̀.

Ó ní, "Irin inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tí irin bá dípẹtà. Ó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè di ọ́síjìn mú mọ́." Ó wá kọjú sí Màámi. "Màmá, omi wo lẹ fi ń po mílíìkì ọmọ?"

"Omi tó mọ́ ni. Mo máa ń sè é dáadáa."

"Omi kànga ni?"

"Kànga ilé wa ni. Gbogbo wa la ń mu ún, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

"Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lè tún ara rẹ̀ ṣe, Màmá. Ti ọmọ ọwọ́ kò tíì lágbára bẹ́ẹ̀. Ṣé nǹkan bí ajílẹ̀ wà nítòsí kànga náà?"

Tàófíìk wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wò ó, òun náà ń wò mí. Dókítà kò sì tún un bi wá.

Oògùn kan ṣoṣo ló wà fún un, kò sì sí ní Èrúwà. Tàófíìk ti wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Àìkú, 29 Òkúdù

Ó rí oògùn náà ní ilé ìwòsàn kejì tó wọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú bó ṣe ń sáré bọ̀. Dókítà ò tíì lè fún un: ó ní àwọn ọmọ kan wà tí oògùn yẹn máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ inú ara wọn, àfi kí òun kọ́kọ́ yẹ ti Àmírà wò. Ìdúró yẹn. Èéfín ń jáde lára ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Àìná ń ka Fátíhà, ó ń ṣì í kà, ó ń bẹ̀rẹ̀ padà.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbà á.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oògùn náà dé, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Búlúù ni. Búlúù tó ṣú bí aró inú ìkòkò. Àìná fi ara bo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kí lẹ tún fẹ́ tú sí i lára? Ẹ ò rí i pé ó ti ṣú tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo di í mú. Mo ní, "Òun ló máa dá irin yẹn padà. Fọkàn balẹ̀."

Wọ́n rọra ń fún un lábẹ́rẹ́ náà. Mo gbájú mọ́ ètè. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àárín gangan, bí ìgbà tí wọ́n bá rọra nu eruku kúrò lára nǹkan. Ó di bí eérú, ó mọ́ díẹ̀ sí i, ó wá pọ́n. Àmírà ya ẹnu, ó fi igbe ta. Kò sí orin tó dùn létí mi tó igbe yẹn rí.

Nírọ̀lẹ́, Màámi tú aṣọ ìdí rẹ̀, wọ́n figbe bọnu. Ìtọ̀ ọmọ ti di àwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ń jáde. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ náà lọ́wọ́ wọn, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Èsì omi kànga dé. Ohun tó ń jáde lára ajílẹ̀ kún inú rẹ̀. Dókítà ní sísè kì í lé e lọ. Omi ló ń bá èéfín lọ, òun á ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìkòkò, á sì máa ki sí i.

Mi ò fẹ́ sọ ibi yẹn fún Màámi. Àwọn ni wọ́n bi mí.

"Kí ni Dókítà wí nípa sísè tí mo ń sè é?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Mùnírátù. Mo bi ọ́ léèrè."

Mo sọ ọ́. Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. "Ti Abíọ́dún, mo máa ń jẹ́ kó hó ju ti èyí lọ. Torí pé òun ni àkọ́kọ́."

Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Àmírà ti délé. Omi inú ọ̀rá ni a fi ń po mílíìkì rẹ̀, ọmú Àìná náà sì ti ń sun díẹ̀díẹ̀. A fi pákó bo kànga, a kìlọ̀ fún gbogbo agboolé. Tàófíìk kó ajílẹ̀ kúrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ funfun fún eruku ajílẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ló yẹ kó lọ sọ fún Ifáfúnkẹ́."

"Kí n ní kí ni? Kí n ní èmi ni mo pa Abíọ́dún?"

"Kò sẹ́ni tó pa á. Kí o ní kì í ṣe òun."

Ó gbé àpò mìíràn. "Mi ò lè wò ó lójú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi ipá mú mi."

Láti ọjọ́ tí èsì omi ti dé ni Màámi ò ti sọ̀rọ̀ ẹkún ọmọ létí kànga mọ́. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ báyìí.

Ẹtì, 11 Agẹmọ

A ṣe eré. Búlúù náà jáde lára Japheth, gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn wá kú lójijì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Mi ò lè jókòó wò ó tán. Mo jáde síta títí tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́.

Àìkú, 13 Agẹmọ

Mo lọ sí Ayété. Èmi nìkan.

Mo bá Ifáfúnkẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gaàrí. Ó rù díẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi nílé wa. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

A lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí omi, ajílẹ̀, irin, títí dórí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò pọ́n. Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Ó ń bi mí ní nǹkan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

"Ṣé omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́ náà wà níbẹ̀?"

"Wíwẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan."

"Tí mo bá fún un lọ́mú ńkọ́?"

"Ara rẹ kò yá nígbà yẹn. Ìwọ kọ́ lo kọ̀."

Ó wá ní, "Bàbá mi mú mi lọ síwájú Ògún, kí ó lè gbà mí padà sílé. Mo fi ẹnu kan irin, mo búra pé mi ò pa ọmọ mi. Ògún kò ṣe mí ní nǹkan kan, gbogbo wọn gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo ń búra yẹn, kò dá èmi fúnra mi lójú. Ọdún méjì rèé, mo ń rò ó pé bóyá mo ṣe é lójú oorun."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, oje ẹ̀gẹ́ wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Tàófíìk ńkọ́?"

"Ojú ń tì í."

"Ojú ti èmi náà, ẹ̀gbọ́n. Mo sì jókòó sórí ọ̀kadà yẹn kọjá láàárín ọjà." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mi ò ní padà sílé yín, ẹ má bẹ̀ mí. Àmọ́ níwájú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni kí Tàófíìk ti sọ èyí. Mo máa wá gbọ́ ọ."

Àìkú, 20 Agẹmọ

Ó wá. Òun àti bàbá rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Òjò kò rọ̀. Gbogbo agboolé ló jókòó sábẹ́ ìbòòji, títí kan àwọn àgbà tó dá a lẹ́bi nígbà yẹn.

Tàófíìk dìde. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ tí kò jáde. Ó wá ní, "Ajílẹ̀ mi ni. Ó wọ inú kànga. Òun ló pa Abíọ́dún. Kì í ṣe ọwọ́ Ifáfúnkẹ́, kì í ṣe ilé baba rẹ̀. Èmi ni mo lé e jáde, mo purọ́ mọ́ ọn." Bàbá Ifáfúnkẹ́ kò gbé orí sókè. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wúkọ́.

Màámi ti ń kúnlẹ̀. Ifáfúnkẹ́ sáré di èjìká wọn mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màámi. Ibi tí wọ́n sin ín sí ni kí ẹ fi hàn mí."

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Wọn kì í fi ibojì ọmọ han òbí. Tàófíìk gan-an kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo rò pé ẹnìkan á sọ pé èèwọ̀ ni. Màámi kò dúró dè é. Wọ́n dìde, wọ́n mú Ifáfúnkẹ́ lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn ilé. Tàófíìk dúró, ó ń wò wọ́n, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé wọn.

Èmi kò lọ. Mo jókòó ti Àìná tó ń fún Àmírà lọ́mú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, erùpẹ̀ wà lórúnkún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.